Èéfín Ilé Gààrí

Ní àwọn àbúlé tí wọ́n ti ń ṣe gààrí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, kì í pẹ́ kí àlejò tó mọ ibi tí ilé gààrí wà. Èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan yóò gba imú rẹ̀. Lábẹ́ òrùlé páànù tó ti dúdú, àwọn obìnrin jókòó sórí àpótí kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò alámọ̀, agbada irin fífẹ̀ wà níwájú oníkálukú, àfọ́kù igbá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti fi jáàkì fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ti sẹ́, ni wọ́n ń dà sínú agbada díẹ̀díẹ̀. Igbá kò gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá dúró, gààrí yóò di kókó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò jó, ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ kò sì ní gbà á. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rò ó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ojú ń ta wọ́n, tí òógùn ń ro sára aṣọ, tí ọmọ ọwọ́ sì ń sùn lẹ́yìn ẹlòmíràn nínú èéfín kan náà.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Ohun tí à ń wú lọ́dọọdún súnmọ́ 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń di gààrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin bí èyí. Síbẹ̀, nínú ìwé ìjọba, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìsinmi àìsàn, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n ń kọ orúkọ sí bí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́. Wọn kò sì dá wà. Lọ́dún 2018, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, kéde pé ó lé ní bílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ láìsí ìforúkọsílẹ̀ tàbí ààbò òfin. Iye yìí lé ní 60 nínú gbogbo 100 òṣìṣẹ́ ayé. Ní Áfíríkà, ó lé ní 85 nínú 100. Ní Nàìjíríà, ìṣirò tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ń gbé jáde láti bí ọdún mélòó kan fi hàn pé ó ju 90 nínú 100 lọ. Mẹkáníìkì wà nínú wọn, àti ọlọ́kadà, birikilà, alágbàṣe oko, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù àti àwọn tó ń yan ẹja. Tí mo bá ní kí n sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn nínú orí kan, kò sẹ́ni tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúnná. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ilé gààrí nìkan.

Ìgbàgbọ́ mi ni pé ààrò ló ń pa àwọn obìnrin yìí lára, òun àti ọ̀nà tí à ń gbà san owó iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ pé èéfín kò dára. Wọn kò nílò ẹni tí yóò wá kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ohun tó yẹ ká tún ṣe, ó yẹ ká mọ ohun tí èéfín yẹn gbé wọ inú ara.

Igi tó bá jó tán pátápátá kì í fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ yàtọ̀ sí eérú àti ooru. Ṣùgbọ́n igi inú ààrò kì í jó tán. Igi tutù ni púpọ̀ nínú rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ kí iná tó ràn dáadáa. Bí omi yẹn ti ń gbẹ ló ń gba agbára iná. Afẹ́fẹ́ tí ń wọ abẹ́ agbada kò tó pẹ̀lú. Ohun tí kò jó tán ló ń gòkè bí èéfín, oríṣiríṣi nǹkan ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Àwọn mìíràn jẹ́ eruku tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọgbọ̀n rẹ̀, bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú ẹyọ irun orí kan lọ. Eruku yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5. Òun ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ara wa mọ bí a ṣe ń lé eruku ńlá padà. Irun imú ń dá a dúró, ikun ń mú un, àwọn irun tíntìntín tó wà lójú ọ̀nà ọ̀fun sì ń gbá a padà sókè títí tí a ó fi wú u tàbí tí a ó fi gbé e mì. Eruku PM2.5 kéré jù fún gbogbo ẹ̀ṣọ́ yẹn. Ó ń kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, sínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké níbi tí ọ́síjìn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, ó sì ń bá a jà. Ibi tí wọ́n ti ń jà á wú, á pọ́n, á jiná, á tún wú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ọ̀nà èémí á dín kù, ẹ̀dọ̀fóró tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ á máa le bí kànìnkànìn tó ti gbẹ. Nígbà yẹn ni obìnrin tó ti máa ń ru báfù ẹ̀gẹ́ láti oko wálé láìdúró á bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ó máa ń sọ pé àgbà ló dé. Bí ikọ́ bá tún tẹ̀ lé e, wọn a ní òtútù ló mú un.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tún ìlànà rẹ̀ kọ lọ́dún 2021: kí eruku yìí nínú afẹ́fẹ́ má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan, bí a bá fi wákàtí 24 ṣírò rẹ̀. Nídìí ààrò igi tí kò ní ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, ohun tí ẹ̀rọ máa ń kà jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nígbà mìíràn ó ń ju 1,000 lọ. Àjọ yẹn kan náà ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lọ́dún 2020, ó sì lé ní 237,000 nínú wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, òtútù àyà àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wà nínú ohun tó pa wọ́n. Kí òǹkàwé kíyè sí ohun kan nípa ìṣirò yìí: iná ọbẹ̀ àti iná àmàlà ni wọ́n kà. Obìnrin tó ń yan gààrí ń fa èéfín iṣẹ́ láti àárọ̀, ó sì tún ń padà sílé lọ dáná oúnjẹ alẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í ro méjèèjì pọ̀ fún un.

Carbon monoxide tún wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara, ṣùgbọ́n carbon monoxide ń lẹ̀ mọ́ èròjà náà ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba ààyè púpọ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílé gààrí: orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nígbà tí ọ̀sán bá ń pọ́n, òòyì á máa kọ́ni, inú á máa ru, ara á wúwo. Bí obìnrin náà bá délé, tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ níta, ó á lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní àsìkò kan náà, ó tún dé. Orí fífọ́ tó ń tẹ̀ lé aago iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ibà, oògùn ibà tí wọ́n sì ń rà sí i lóṣooṣù kò lè wò ó.

Aláboyún ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ọmọ inú kò ní afẹ́fẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀jẹ̀ ìyá gbé wá fún un. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lágbára jù lórí èyí. Wọ́n pín aláboyún 324 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń bá ìdáná igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní sítóòfù tí ń lo ethanol, tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Nígbà tí oyún dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwọn tó wà nídìí igi àti kẹrosíìnì ju àwọn tó gba sítóòfù tuntun lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti rí aláboyún tí gìrì mú nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mọ ìwọ̀n ohun tí mò ń sọ. Àwọn aláboyún Ìbàdàn yẹn, oúnjẹ ilé wọn nìkan ni wọ́n ń dáná fún.

Ojú náà ń jìyà. Èéfín ń mú kí omi máa bọ́ lójú, kí ojú máa pọ́n, kí ó sì máa yún. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àwọn tó ń dáná igi máa ń ní awọ funfun tí ń bo ẹyinjú ju àwọn tí kì í dáná igi lọ, àwọn obìnrin sì ni a ti rí ẹ̀rí èyí jù.

Ooru kì í hàn bí èéfín ṣe ń hàn, nítorí náà a kì í kà á sí. Ara ènìyàn fẹ́ dúró sí bí ìwọ̀n 37. Ẹni tó ń ro agbada ń gba ooru láti inú iná níwájú, láti inú páànù lókè, àti láti inú iṣan ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń mú ooru jáde. Òógùn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un láti tu ara. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, òógùn lè tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Omi yẹn gbọ́dọ̀ padà wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ilé gààrí mọ̀ọ́mọ̀ ń dín omi mímu kù ni. Kò sí ilé ìgbẹ́ níbẹ̀. Inú igbó ni wọn ó lọ, wọn ó sì fi agbada sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ sí ilé gààrí, màá ní ilé ìgbẹ́ ni, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ooru àti òùngbẹ lè ṣe fún kíndìnrín, àwọn tó ń gé ìrèké ní Nicaragua àti El Salvador ló kọ́ ayé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, tí wọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí pé kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí tẹ̀ lé wọn wọ inú oko, wọ́n rí i pé iṣẹ́ agbára nínú oòrùn gangan, láìsí omi tó tó, láìsí ìsinmi, wà lára ohun tó ń pa kíndìnrín náà. Wọ́n wá gbé ètò kan kalẹ̀ tó rọrùn púpọ̀: omi, ìbòòji, àti ìsinmi tí a fi àkókò sí. Àwọn agbanisíṣẹ́ ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò dín kù. Níbi tí wọ́n ti dán an wò ní El Salvador, ìrèké tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gé lójúmọ́ lọ sókè. Kí ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ fi èyí sọ́kàn.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ linamarin. Bí a bá lọ ẹ̀gẹ́, èròjà yìí ń pàdé ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, wọ́n á sì tú sáyánáìdì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lọ̀ ọ́, tí a fi ń jẹ́ kó kan, tí a fi ń fún omi rẹ̀, tí a sì ń yan án: ní ìpele kọ̀ọ̀kan, májèlé yẹn ń jáde. Ọgbọ́n ńlá ni, òun sì ni kò jẹ́ kí gààrí pa wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àrùn kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó ń mú ẹsẹ̀ kú tìpìrì, tó ń ba ojú àti etí jẹ́. Lọ́dún 1968 ó gbé iṣẹ́ jáde lórí rẹ̀, ó sì tọ́ka sí sáyánáìdì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá àlàyé yẹn jiyàn láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ni gbogbo iyàn yẹn dá lé. Sáyánáìdì tó jáde kúrò nínú gààrí ńkọ́? Ní ìwọ̀n ooru 26 ló ti ń di afẹ́fẹ́, agbada sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ẹni tó tẹ̀ ba agbada ló ń fà á símú. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti wọn sáyánáìdì nínú ara àwọn tó ń ṣe ẹ̀gẹ́, wọ́n sì rí i pé ó ga ju ti àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ náà lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ dáadáa, púpọ̀ nínú rẹ̀ á fò lọ. Nínú yàrá tí wọ́n ti dí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin nítorí òjò, kò rí ibi tí yóò gbà.

Ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ kò gba àlàyé gígùn. Bẹ́líìtì tí kò ní ìbòrí máa ń fa ìró, gèlè tàbí ọwọ́ ọmọdé wọ inú ara rẹ̀, èyí kò sì pẹ́ rárá. Irin pẹlẹbẹ tí wẹ́dà ìtòsí lè tẹ̀ láàárín ọ̀sán kan ni ìbòrí rẹ̀. Mi ò rí ìdí kankan tí ẹ̀rọ yóò fi máa ṣiṣẹ́ láìní in.

Kí ló dé tí wọn kì í fi í dìde kúrò nídìí iná? Owó iṣẹ́ wọn ló fà á. Alágbàṣe ni púpọ̀ nínú wọn, iye báfù tàbí iye àpò tí wọ́n bá yan ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Ìsinmi ìdajì wákàtí lábẹ́ igi jẹ́ ìdajì wákàtí owó tó lọ. Bó bá ṣe pé ọmọ rẹ̀ ń retí owó ilé ìwé, ara rẹ̀ ni yóò fi dí àlàfo náà. Bí àìsàn bá dé, kò sí ẹni tí yóò san ọjọ́ yẹn fún un, nítorí náà yóò lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ikọ́. Gbogbo ìmọ̀ràn pé kí ó máa sinmi, kí ó máa jìnnà sí èéfín, ń bá òfin agbada yìí jà, agbada ló sì máa ń borí. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ìlanilọ́yẹ̀ nìkan lè dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi báfù san owó fún.

Òfin wà. Òfin ilé-iṣẹ́ wa, Factories Act, fún àwọn olùbẹ̀wò ìjọba láṣẹ láti wọ ibi iṣẹ́, kí wọ́n wo ẹ̀rọ, kí wọ́n wo afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì pe ẹni tó ni ibẹ̀ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí agbanisíṣẹ́ ti gba ènìyàn síṣẹ́ ló fojú sí jù. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò NSITF, kí ẹni tó bá farapa lè rí nǹkan gbà. Ta ni agbanisíṣẹ́ obìnrin tó yan ẹ̀gẹ́ ìyá kan lọ́jọ́ Ajé, tó yan ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì yan tirẹ̀ lọ́jọ́rú? Òfin tó ń wá agbanisíṣẹ́ kó tó dáàbò boni kò lè rí i. Òfin adójútòfò ìlera, NHIA, tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2022 sún mọ́ ọn díẹ̀: ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti ní adójútòfò, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára àtisan. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn, bí Ìlera Èkó. Mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin ilé gààrí wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adójútòfò ń san owó ìwòsàn lẹ́yìn tí èéfín ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 kan náà, ILO fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́, kò sì yọ alágbàṣe sílẹ̀.

Nítorí náà ààrò ni kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti mọ irú ààrò tó dára láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ilé ìwádìí méjì, FIIRO tó wà ní Òṣòdì láti ọdún 1956, àti IITA tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1967, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ àti ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀gẹ́. Èyí tó dára jù lójú mi kò gba ohun ìjìnlẹ̀ kankan. A ó mọ ààrò ga dé ìbàdí, kí ẹni tó ń yan lè dúró tàbí kí ó jókòó sórí àga gíga láìtẹ ẹ̀yìn. Èyí nìkan á gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro. A ó fi ògiri pààlà láàárín ẹni tó ń ro agbada àti ẹnu ààrò, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri, níta, ni a ó ti máa ki igi bọ̀ ọ́. A ó sì gbé ọ̀pá èéfín láti inú ààrò kọjá òrùlé. Ooru a máa gòkè, bó sì ti ń gba inú ọ̀pá yẹn lọ ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ tuntun wọ ìsàlẹ̀ iná. Iná tó bá rí afẹ́fẹ́ dáadáa á jó igi tán, nítorí náà igi tí yóò lò á dín kù. Ní ọdún tí igi ìdáná wọ́n báyìí, ẹni tó ni ilé gààrí yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lápò.

Àwọn nǹkan kan wà tó lè ba ààrò yìí jẹ́. Ọ̀pá tó bá kúrú tí kò kọjá òrùlé yóò dá èéfín padà sínú ilé. Ọ̀pá tí wọn kì í gbọn ẹ̀gbin èéfín inú rẹ̀ kúrò yóò dí. Bí ojú rẹ̀ bá kọ sí fèrèsé ẹni tó wà nítòsí, a kàn gbé àìsàn fún ará ilé kejì ni. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ pẹ̀lú: kí wọ́n là á wẹ́wẹ́, kí wọ́n tò ó síbi tí òjò kò ti ní pa á, kí ó wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọ̀rá, rọ́bà àti àfọ́kù táyà tí àwọn kan fi ń ran iná, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n sínú ààrò mọ́. Èéfín wọn burú ju ti igi lọ fíìfíì.

Wọ́n máa ń bi mí nípa ìbòmú. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá eruku PM2.5 dúró. N95 lè dá a dúró, ṣùgbọ́n carbon monoxide ń gba inú rẹ̀ kọjá, mímí nínú rẹ̀ nídìí iná sì le, kò sì rọrùn láti wọ̀ ọ́ níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Àwọn tó fẹ́ ṣàánú máa ń ra ìbòmú nítorí pé ó rọrùn láti rà, ó sì rọrùn láti pín. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n fi owó yẹn mọ ààrò kan.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló le jù, mi ò sì fẹ́ fi í pamọ́. Kí obìnrin méjì máa gba agbada kan, kí ọ̀kan máa sẹ́ ẹ̀gẹ́ nínú ìbòòji nígbà tí èkejì ń yan, kí wọ́n sì pín owó báfù sí méjì, lè dín ìdajì èéfín kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí owó báfù bá wà bó ṣe wà, ebi ni wọn yóò jọ pín. Iye tí wọ́n ń gbà lórí báfù gbọ́dọ̀ lọ sókè, ẹgbẹ́ ló sì lè sọ èyí kí ó ṣẹ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó bá sọ ọ́ yóò pàdánù iṣẹ́. Ní ìlú Ahmedabad ní India, Ela Bhatt kó àwọn obìnrin alágbàṣe àti onípàtẹ jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ SEWA lọ́dún 1972, nígbà tí ọ̀pọ̀ sọ pé ẹni tí kò ní ọ̀gá kò lè ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n dá báǹkì tiwọn sílẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ẹgbẹ́ tàbí àjọ dídá. Àwọn obìnrin ilé gààrí ń dá èésú, wọ́n ń bá ara wọn ṣe ìsìnkú àti ìkómọjáde. Àpò yẹn kan náà lè san owó fún ìyá àgbà kan tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́ igi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti gbé èéfín wá, ó sì lè ra ọ̀pá èéfín kan lẹ́yìn òmíràn. Mo retí kí ìjọba ìbílẹ̀ fi tirẹ̀ kún un, nítorí pé ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìwòsàn náà. Lọ́dún 1700, Bernardino Ramazzini, dókítà kan ní ìlú Modena ní Ítálì, tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn tí iṣẹ́ oríṣiríṣi ń fà. Ó rọ àwọn dókítà pé, yàtọ̀ sí ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi aláìsàn, kí wọ́n tún máa béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ti lé ní 300 ọdún. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, káàdì ń béèrè ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, orúkọ ọkọ àti àdírẹ́sì. Níbi iṣẹ́, wọ́n á kọ pé oníṣòwò ni. Nọ́ọ̀sì tó bá béèrè sí i pé, "Ìyá, irú òwò wo? Wákàtí mélòó ni ẹ ń lò nídìí iná lójúmọ́? Ṣé ìgbà tí ẹ bá wà níbẹ̀ ni orí máa ń fọ́ yín?" lè mọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì ohun tí oògùn ikọ́ ọdún mẹ́ta kò fi hàn. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife fún un, nítorí àrùn yẹn ń ranni, ó sì ní oògùn. Bí kì í bá ṣe ikọ́ ife, kí ó má sọ pé kò sí nǹkan kan.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró dé ọ̀la. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ ara wọn nídìí agbada, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí ó dákú, kí wọ́n gbé e kúrò nídìí iná lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí wọ́n tú aṣọ rẹ̀, kí wọ́n da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń wá ọkọ̀. Kí wọ́n má fi omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú yàrá tí wọ́n dí pa ló ti dákú, kí àwọn tó fẹ́ gbé e ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì má pẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, kí ẹni tó sìn ín lọ sọ ọ́ fún dókítà láìdúró kí wọ́n bi í, pé inú èéfín igi ni wọ́n ti gbé e jáde. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń há sí ìka láti wo ọ́síjìn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó gbé carbon monoxide. Ó lè kọ 98 sílẹ̀ fún ẹni tí èéfín ń pa lọ, kí wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé.